Bọ́tìnnì Abẹ́ Ẹ

Ọkùnrin onítẹ̀wé ní Ìsàlẹ̀-Ìgbẹ́hìn
tẹ orúkọ ìyá mi sórí páálí: AWERO.
Mo ní, Ẹ jọ̀ọ́, àmì dà?
Ó ní kọ̀ǹpútà òun kò mọ àmì.
Ó ní, Ta ni yóò tilẹ̀ rí i? Kò ju ẹyin iná lọ.

AWERO. Kí ni wọ́n wé? Kí ni wọ́n rò?
Obìnrin tí wọ́n wẹ̀, tí wọ́n ró láṣọ lọ́jọ́ tí wọ́n sọ ọ́ lórúkọ,
tó wá fi ogójì ọdún ó dín méjì
fọ aṣọ tí ẹlòmíràn yóò wọ̀
lọ síbi tí ẹnikẹ́ni kò pè é sí.
Mo san owó páálí. Mo fi páálí sílẹ̀ fún un.

Nígbà tí Ṣówùnmí bíríkìlà rẹ́ ojú ibojì tán
lẹ́yìnkùlé wa n'Ìjẹ̀mọ̀,
ó na ìṣó sí mi pé kí n fi họ orúkọ.
Mo ní, Dúró ná.
Mo wọ yàrá rẹ̀, mo gbé agbọ̀n irinṣẹ́ rẹ̀ jáde.

Ọ̀bẹ méjì tí kò mú mọ́, mo forí wọn kanra,
mo fi igi ìṣáná dábùú wọn: A.
Ẹ̀mú tó fi ń kó ẹyin iná sínú áyọ́ọ̀nù
(ẹyin iná gidi, kì í ṣe ti orí)
mo ya ẹnu rẹ̀, ìdajì W ni.
Mo sáré yá ti Màmá Fadérẹ̀rà ní ilé kejì.
Òòyà rẹ̀ rèé, eyín mẹ́ta péré ló kù níbẹ̀:
ọjọ́ ti pẹ́ tó ti ń ká eyín kó lè di E.
R ló fẹ́ẹ̀ pa wá.
Igi agboòrùn, etí kọ́ọ̀pù tó ti já,
ìṣó kan fún ẹsẹ̀, bí arọ tó na ẹsẹ̀ sí títì.
Òṣùká rẹ̀ ni O,
òórùn ọṣẹ ṣì wà lára rẹ̀, àti ti orí rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi Ṣóbọ̀wálé ti Ṣàgámù dé,
ó wo ilẹ̀, ó wò mí:
Ààtàn lo dà sórí ìyá wa?
Mi ò dá a lóhùn. Sìmẹ́ǹtì kì í dúró de ìjà.

Ó ku ohùn.
Ìṣáná méjì sọ̀ kalẹ̀ lórí A, lórí E.
Abẹ́rẹ́ gòkè lórí O.
Mo wá ṣí agolo Mílò
tó ń kó bọ́tìnnì sí, èyí tó já sínú omi ìfọṣọ,
tó ń tọ́jú de ẹni tó ni ín.
Òmíràn ti lo ogún ọdún níbẹ̀.
Ṣóbọ̀wálé nawọ́ kọjá mi, ó ń ṣà á, ó ń ṣà á,
ó mú funfun kan, oníhò mẹ́rin:
Ti ṣẹ́ẹ̀tì ilé-ìwé mi nìyí.
Tìtorí ẹ̀ ni wọ́n ṣe nà mí.
Òun ló fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ mọ́ abẹ́ E.
Kò gbé ọwọ́ kúrò bọ̀rọ̀.

Ṣówùnmí kò kàwé. Ó ní kí la wá kọ?
Mo ní kó fi ìka tọ ohùn.
Ó tọ̀ ọ́: sísàlẹ̀, sísàlẹ̀, sókè.
Ó ní, Bó ṣe ń ti odò Ògùn bọ̀ nìyẹn,
á sọ̀, á tún sọ̀, kó tó gòkè pẹ̀lú ẹrù.

Òjò ọdún yìí ti yọ ìṣó nídìí R.
Wọ́n pè mí lánàá pé P ló kù,
pé àwọn ọmọdé ń kà á ní Àwẹ̀pó
bí ẹni ń polówó epo.
Ì bá rẹ́rìn-ín títí, ì bá fẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú.
Mò ń bọ̀ ní Sátidé. Mo ti ra ìṣó.
Ẹ̀mú Màmá Fadérẹ̀rà, mi ò tíì rówó rẹ̀ san.